Bí ẹ ṣe lè kọ́ PostgreSQL ní orúkọ Yorùbá: láti orí àtẹ àkọ́kọ́ dé orí àfikún tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe

Bí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ti ń lé ní ẹgbẹ̀rún, Excel á bẹ̀rẹ̀ sí í dá wàhálà sílẹ̀. Akọ̀wé kan kọ Fọlákẹ́, èkejì kọ Folake, ẹnì kẹta tó ń fi fóònù tẹ̀ ẹ́ kọ Fọlake. Lọ́jọ́ tí ìyá náà bá wá béèrè owó rẹ̀, wọ́n á wá orúkọ títí, wọn ò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà máa ń sọ ni pé kí gbogbo ènìyàn kúkú yé fi àmì sí orúkọ. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ jẹ́ kí orúkọ wà nínú dátábéèsì bí olórúkọ ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ wá fi ìfaradà sínú ọ̀nà tí ẹ ń gbà wá a. Bí a ṣe ń ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ fi hàn níbí, PostgreSQL, sọ́fúwíà dátábéèsì tí wọ́n tún ń pè ní Postgres, la ó sì lò. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ìdí tí mo fi mú Postgres nínú gbogbo sọ́fúwíà dátábéèsì kò ju pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Nígbà tí Michael Stonebraker àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí POSTGRES ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley lọ́dún 1986, ara ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ẹni tó ń lo dátábéèsì lè fi irú dátà tuntun àti function tuntun (àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ tirẹ̀) kún un láì tú ìdí ẹ̀rọ náà palẹ̀. SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, dé inú rẹ̀ ní 1994, orúkọ PostgreSQL sì dé ní 1996. Àṣẹ CREATE EXTENSION, tó ń fi àfikún sínú dátábéèsì, tí a ó lò nísàlẹ̀ bá ẹ̀dà 9.1 wọlé ní 2011.

Ẹ̀dà 13 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ nílò, nítorí function kan tó ń jẹ́ normalize. Láti ẹ̀dà yẹn ló ti wà.

Fífi sórí kọ̀ǹpútà

Mi ò ní pẹ́ níbí. Lórí Ubuntu tàbí Debian, `sudo apt install postgresql` ti tó. Àwọn tó ń lo Windows lè gba èyí tó ní ojú ìfisórí láti orí postgresql.org. Lẹ́yìn náà, ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá (`sudo -u postgres psql`), kí ẹ dá ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú dátábéèsì tirẹ̀:

```
CREATE ROLE akowe LOGIN PASSWORD 'e_fi_tiyin_sibi';
CREATE DATABASE alajeseku OWNER akowe
  ENCODING 'UTF8' TEMPLATE template0;
```

Ẹ má fi orúkọ postgres ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ọ̀gá pátápátá ni, àṣìkọ lẹ́tà kan lè pa ilé run. Ẹ jáde, kí ẹ padà wọlé báyìí:

```
psql -h localhost -U akowe alajeseku
```

Ẹ kọ `SHOW server_encoding;`. Bí kò bá dáhùn pé UTF8, ìyẹn ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó gba gbogbo àmì Yorùbá, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ tún un ṣe, torí pé gbogbo ohun tó kù dúró lórí rẹ̀.

Àtẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́

```
CREATE TABLE omo_egbe (
  id bigint GENERATED ALWAYS AS IDENTITY PRIMARY KEY,
  oruko text COLLATE "yo-x-icu" NOT NULL,
  idile text COLLATE "yo-x-icu" NOT NULL,
  foonu text,
  ojo_wole date NOT NULL DEFAULT current_date
);
```

Nọ́ńbà fóònù jẹ́ text, kì í ṣe integer. Òdo, bí irú ti 080, ni nọ́ńbà wa fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì pè é ní integer, òdo iwájú á pòórá. Ohun kan náà ni Excel máa ń ṣe sí i, nítorí náà ẹ yẹ fáìlì yín wò kí ẹ tó kó o wọlé. Mo pín orúkọ àti orúkọ ìdílé sí òpó méjì. Ìdí rẹ̀ á hàn tí a bá dé ibi wíwá.

`"yo-x-icu"` ni ètò ABD Yorùbá. Ó ti wà nínú Postgres tí wọ́n bá kọ́ ọ pẹ̀lú ICU (àkójọ kóòdù tó mọ ìlànà èdè oríṣiríṣi), bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa máa ń fi sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi `\dOS yo*` wò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé tí ẹ bá to orúkọ, Ẹ á tẹ̀lé E, Ọ á tẹ̀lé O, Ṣ á tẹ̀lé S, gb á sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tirẹ̀ lẹ́yìn g. Nínú ètò Gẹ̀ẹ́sì, Gàníyù ló máa ṣáájú, Gbénga á tẹ̀lé e, Gíwá á wá kẹ́yìn. Nínú ètò tiwa, Gàníyù, Gíwá, Gbénga ni, bí ẹni tó ka ABD nílé ìwé ṣe máa retí rẹ̀. Nínú ètò tí Postgres ń pè ní "C", tó kàn ń wo báìtì, gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ fi Ẹ tàbí Ọ bẹ̀rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ Z. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ fún ìpàdé: gbogbo Ọlá àti Ẹniọlá wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn.

Ojú kan náà, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn Fọlákẹ́. Ní Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, kò sí àmì kan ṣoṣo tó dúró fún e tó ní àmì abẹ́ àti àmì òkè pa pọ̀. Kíbọọ̀dù kan lè fi ẹ sílẹ̀ kó wá gbé àmì òkè lé e, òmíràn lè mú é kó wá fi àmì abẹ́ sí i, ẹ̀kẹta lè kọ e lásán kó to àmì méjèèjì tẹ̀lé e. Lójú yín, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀kan náà. Lójú dátábéèsì, ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ dán an wò:

```
SELECT U&'\1EB9\0301' = U&'\00E9\0323';
```

Ìdáhùn rẹ̀ ni f, ìyẹn ni pé wọn ò dọ́gba. Ẹ wá fi normalize sí i:

```
SELECT normalize(U&'\1EB9\0301') = normalize(U&'\00E9\0323');
```

Ó di t. Iṣẹ́ normalize ni kó mú gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé yẹn wá sí ọ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní NFC.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí normalize kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan kì í fi tótó sábẹ́ lẹ́tà, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fi sí i: e̩, o̩, s̩. Nínú ìwé wa àtijọ́, ìlà yẹn ló pọ̀. Nọ́ńbà tótó ni 0323, ti ìlà ni 0329. Unicode kò kà wọ́n sí ọ̀kan náà, nítorí náà àwa la máa so wọ́n pọ̀:

```
CREATE FUNCTION tun_to(t text) RETURNS text
LANGUAGE sql IMMUTABLE STRICT PARALLEL SAFE
AS $$
  SELECT normalize(replace(t, U&'\0329', U&'\0323'), NFC)
$$;
```

Kí akọ̀wé má bàa ní láti rántí èyí, ẹ jẹ́ kí dátábéèsì máa ṣe é fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìlà tuntun bá ń wọlé:

```
CREATE FUNCTION to_oruko_egbe() RETURNS trigger
LANGUAGE plpgsql AS $$
BEGIN
  NEW.oruko := tun_to(NEW.oruko);
  NEW.idile := tun_to(NEW.idile);
  RETURN NEW;
END $$;

CREATE TRIGGER oruko_to
BEFORE INSERT OR UPDATE ON omo_egbe
FOR EACH ROW EXECUTE FUNCTION to_oruko_egbe();
```

Ẹ kíyè sí i pé a kò yọ àmì kankan. Ẹni tó kọ Fọlákẹ́ á bá Fọlákẹ́ níbẹ̀, ẹni tó kọ Folake á bá Folake. Ohun tí a ṣe ni pé ẹnikẹ́ni tó bá kọ Fọlákẹ́, láti orí kíbọọ̀dù yòówù kó jẹ́, ohun kan náà ló máa wà nínú àtẹ.

Ó ti tó àsìkò láti kó orúkọ wọlé. Nínú Excel, ẹ mú "CSV UTF-8" tí ẹ bá ń tọ́jú fáìlì náà. Èyí tó ń jẹ́ CSV lásán á sọ ẹ àti ọ di àmì ìbéèrè, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dá wọn padà mọ́. Lẹ́yìn náà:

```
\copy omo_egbe (oruko, idile, foonu) FROM 'egbe.csv' WITH (FORMAT csv, HEADER)
```

Wíwá orúkọ láì ka àmì sí

Bí ẹ bá wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí ẹ lo àfikún tó ń jẹ́ unaccent. Kò burú, àmọ́ ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dá ènìyàn lágara: ìwé òfin tó ń tẹ̀lé lè yí padà, nítorí náà Postgres kò gbà pé ìdáhùn rẹ̀ á máa jẹ́ ọ̀kan náà títí láé, kò sì ní jẹ́ kí ẹ fi ṣe atọ́ka (index). Láìsí atọ́ka, gbogbo ìlà ló máa kà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá orúkọ kan. Unaccent kò sì mọ̀ pé Shola àti Ṣọlá lè jẹ́ ẹnì kan náà.

Tiwa ni kí ẹ ṣe:

```
CREATE FUNCTION bo_ami(t text) RETURNS text
LANGUAGE sql IMMUTABLE STRICT PARALLEL SAFE
AS $$
  SELECT replace(replace(translate(
    lower(regexp_replace(normalize(t, NFD),
          '[\u0300-\u036f]', '', 'g')),
    'ɛɔ', 'eo'), 'sh', 's'), 'kp', 'p')
$$;
```

Láti inú ni kí ẹ ti kà á. NFD máa ń tú lẹ́tà sí wẹ́wẹ́: ẹ́ á di e, tótó àti àmì òkè. Regexp_replace á wá gbá gbogbo àmì tó wà láàárín 0300 sí 036f dànù, tótó àti ìlà abẹ́ sì wà lára wọn. Lower sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà kékeré. Translate wà nítorí àwọn ará wa ní Benin, ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, tí ìlànà ìkọ̀wé orílẹ̀-èdè wọn ń lo ɛ àti ɔ níbi tí àwa ń lo ẹ àti ọ. Lẹ́tà wọ̀nyẹn kì í túká, ojúlówó lẹ́tà ni wọ́n, nítorí náà NFD kò rí wọn mú. Àwọn náà ló ń kọ kp níbi tí a ti ń kọ p, àti sh níbi tí a ti ń kọ ṣ. Sh yìí tún ran àwa tí a wà níhìn-ín lọ́wọ́, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ́ Ṣadé ló ń kọ Shade sínú fọ́ọ̀mù. Àìṣá tí wọ́n kọ ní Aisha náà kò ní sọnù.

Bí ẹ bá mọ ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn yín máa ń kọ yàtọ̀ síra, ibẹ̀ ni kí ẹ fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe àṣejù. Ẹni tó bá tún sọ gb di b kí wíwá lè rọrùn á da gbogbo àkójọ náà rú.

Ẹ dán an wò:

```
SELECT id, oruko, idile FROM omo_egbe
WHERE bo_ami(oruko) LIKE '%' || bo_ami('Shola') || '%'
ORDER BY oruko = tun_to('Shola') DESC, oruko;
```

Ṣọlá, Sola, Shola, Adéṣọlá, gbogbo wọn á jáde, èyí tó bá ohun tí ẹ tẹ̀ mu gẹ́lẹ́ á sì wà lókè.

Nígbà tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣi lẹ́tà kọ

Folke dípò Folake: bo_ami kò lè ran irú èyí lọ́wọ́. Àfikún tó ń jẹ́ pg_trgm ló wà fún un. Ó wà lára ohun tí Postgres ń gbé wá, láti ẹ̀dà 13 sì ni ẹni tó ni dátábéèsì ti lè fi sí i láìjẹ́ ọ̀gá:

```
CREATE EXTENSION pg_trgm;

CREATE INDEX ON omo_egbe USING gin (bo_ami(oruko) gin_trgm_ops);
CREATE INDEX ON omo_egbe USING gin (bo_ami(idile) gin_trgm_ops);
```

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó máa ń gé ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́yìn tó bá ti fi àyè òfìfo méjì síwájú àti ọ̀kan sẹ́yìn. Folake á fún un ní ègé 7, folke á fún un ní 6. Mẹ́rin ni wọ́n jọ ní: èyí tó ní f nìkan, fo, fol, àti ke tó kẹ́yìn. Bí a bá ka gbogbo ègé láì ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, 9 ni. Mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án, 0.44. Ohunkóhun tó bá ti tó 0.3, pg_trgm gbà pé wọ́n jọra.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ká ní orúkọ àti ìdílé wà nínú òpó kan ṣoṣo. "Folake adeoye" ní ègé 14. Mẹ́rin náà ṣì ni ohun tó bá folke mu, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti di 16. 0.25, kò tó, Fọlákẹ́ ti sọnù. Ìdí tí mo fi pín wọn nìyẹn.

```
SELECT id, oruko, idile FROM omo_egbe
WHERE bo_ami(oruko) % bo_ami('Folke')
ORDER BY bo_ami(oruko) <-> bo_ami('Folke')
LIMIT 5;
```

Bí ẹ bá fi EXPLAIN, àṣẹ tó ń fi ọ̀nà tí Postgres fẹ́ gbà hàn, síwájú ìbéèrè yìí nígbà tí orúkọ ṣì jẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n, ẹ máa rí Seq Scan (kíka gbogbo ìlà), bí ẹni pé atọ́ka kò ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣe é. Postgres ti ṣírò ọ́ pé kíka àtẹ kékeré látòkè délẹ̀ yá ju ṣíṣí atọ́ka lọ. Ìgbà tí orúkọ bá pọ̀ ló máa yíjú sí i.

Sísọ ọ́ di àfikún tiyín

Ẹgbẹ́ kejì á ní kí ẹ wá bá àwọn náà ṣe é, ilé ìwé kan náà á pè yín. Dípò kí ẹ máa da kóòdù kan náà kọ káàkiri, ẹ dì í sínú àfikún. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni fáìlì mẹ́ta nínú fódà kan. Àkọ́kọ́, oruko_yoruba.control:

```
comment = 'Wiwa ati tito oruko Yoruba'
default_version = '1.0'
relocatable = true
encoding = 'UTF8'
```

Èkejì, oruko_yoruba--1.0.sql (àmì méjì ló wà láàárín, ẹ má gbàgbé). Inú rẹ̀ ni kí ẹ da tun_to àti bo_ami sí bí a ṣe kọ wọ́n lókè. Ẹ má kó àtẹ tàbí trigger sínú rẹ̀. Ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni Makefile:

```
EXTENSION = oruko_yoruba
DATA = oruko_yoruba--1.0.sql
PG_CONFIG = pg_config
PGXS := $(shell $(PG_CONFIG) --pgxs)
include $(PGXS)
```

Lórí Debian àti Ubuntu, ẹ nílò postgresql-server-dev-all kí èyí tó lè ṣiṣẹ́. `sudo make install` á gbé àwọn fáìlì náà lọ sí ibi tí sáfà ti ń wá àfikún. Ẹ ṣí dátábéèsì tuntun fún ìdánwò, torí pé èyí tí ẹ ti ń lò ti ní bo_ami nínú, á sì kọ̀ ọ́. Ọ̀gá ni kó pàṣẹ `CREATE EXTENSION oruko_yoruba;`. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú, fáìlì tó ń jẹ́ oruko_yoruba--1.0--1.1.sql lẹ máa kọ àyípadà náà sí, ẹ ó yí default_version sí 1.1, ẹ ó fi orúkọ fáìlì tuntun náà kún DATA, ẹ ó tún `make install` ṣe, kí ẹ tó pa àṣẹ `ALTER EXTENSION oruko_yoruba UPDATE;`.

Ohun méjì ló máa ń kó ènìyàn sí gọ́tà níbí. Tí ẹ bá yí ohun tí bo_ami ń ṣe padà, atọ́ka àtijọ́ ṣì ń rántí ti tẹ́lẹ̀, wíwá á sì máa fo àwọn orúkọ kan láì pariwo. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe `REINDEX TABLE omo_egbe;` lẹ́yìn irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ti sáfà tí ẹ ń háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ́ kí oníbàárà fi fáìlì sínú fódà àfikún. Níbẹ̀, ẹ ṣe é bí a ṣe ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kàn pa àṣẹ CREATE FUNCTION inú dátábéèsì. Wíwá náà á ṣiṣẹ́ bákan náà.

Ẹ̀dà ìpamọ́

Bí iná bá lọ lójijì, Postgres fúnra rẹ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá dìde, torí pé ó máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa fsync, ètò tó ń rí i dájú pé ohun tí Postgres kọ dé orí díìsìkì, kí ẹ̀rọ lè yára, ẹ má dá a lóhùn. Àmọ́ tí ilé bá jó tàbí tí wọ́n jí kọ̀ǹpútà gbé ńkọ́?

```
pg_dump -h localhost -U akowe -Fc -f alajeseku.dump alajeseku
```

Ẹ gbé fáìlì yìí lọ síbòmíràn. Bí ẹ bá ti lo àfikún, pg_dump kò ní kọ bo_ami sínú rẹ̀. CREATE EXTENSION nìkan ló máa kọ síbẹ̀, nítorí náà ẹ kó fódà àfikún yẹn lọ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì ṣe `make install` lórí sáfà tuntun kí ẹ tó pe pg_restore.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ẹ̀dà Ubuntu tuntun, Postgres lè máa kìlọ̀ pé ẹ̀dà "yo-x-icu" ti yí padà. Ẹ má fojú fo ìkìlọ̀ náà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe REINDEX, kí ọ̀gá wá pàṣẹ `ALTER COLLATION "yo-x-icu" REFRESH VERSION;`, nínú dátábéèsì kọ̀ọ̀kan tó ń lò ó.